Agbo Ìtàn àti Ẹ̀rín ní Màrákéṣì

Púpọ̀ nínú yín ni ó mọ orúkọ Fẹ́ẹ̀sì ní ilẹ̀ Mòrókò, nítorí níbẹ̀ ni sàréè Ṣéèù Àmọ́dù Tíjánì wà, àwọn ènìyàn wa láti Ìbàdàn, Ìlọrin, Èkó àti Ìjẹ̀bú kò sì yé lọ síbẹ̀ fún sìyárà. Èmi náà bá àwọn kan lọ. Ṣùgbọ́n Fẹ́ẹ̀sì kọ́ ni mo fẹ́ mú yín lọ lónìí. Ẹ jẹ́ kí a wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀, kí a gba Kasabúláńkà kọjá, kí a jókòó bí wákàtí 7, títí ilẹ̀ yóò fi máa gbẹ sí i, tí igi dàbínù yóò máa pọ̀ sí i, tí a ó sì rí ìlú kan níwájú tí ògiri rẹ̀ pupa bí ilé alámọ̀ ayé àwọn bàbá wa. Màrákéṣì nìyẹn. Àwọn Múrábítù ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 1070.

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò: ẹ ń rò pé ládánì yìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye òpó mọ́sáláṣí fún wa. Rárá o. Mọ́sáláṣí wà níbẹ̀, ó sì lẹ́wà. Kùtùbíyà ni orúkọ èyí tí ó tóbi jù, nítorí àwọn olùtàwé ni ó yí i ká láyé àtijọ́. Ilé-ìṣọ́ rẹ̀ ga tó mítà 77, láti òkèèrè réré ni ẹ ó sì ti máa rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni ilẹ̀ gbalasa tí ó wà nítòsí rẹ̀, níbi tí àwọn aláwàdà, àwọn onílù àti àwọn alásọ̀tàn ti ń pa agbo ní alaalẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í gba tíkẹ́ẹ̀tì, tí kò sì sí ilẹ̀kùn tí a ó tì mọ́ aláìlówó.

Orúkọ ibẹ̀ ni Jámíù-l-Fánà. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé kéú mọ̀ pé jámíù ni mọ́sáláṣí Jímọ̀, fánà sì ni ìparun. Kí ló dé tí a fi pe ibi ẹ̀rín ní mọ́sáláṣí ìparun? Ará ìwọ̀-oòrùn Áfríkà bí tiwa ni ó dá wa lóhùn. Àáfà Abdurrahman as-Sa'di ti Tìmbúkútù, tí ó kọ ìwé Tarikh as-Sudan láàrin ọdún 1600 sí 1700, sọ pé Sọ́tánì Ahmad al-Mansur fẹ́ kọ́ mọ́sáláṣí ńláńlá kan síbẹ̀, wọ́n sì ti ń pè é ní Jámíù-l-Hánà, mọ́sáláṣí ìdẹ̀rùn. Ìyọnu dé léraléra, ọba náà sì kú ní 1603 láì parí iṣẹ́. Ni àwọn ènìyàn bá yí hánà sí fánà. Ẹ má gbàgbé pé ọba kan náà ni ó rán ọmọ ogun gba aṣálẹ̀ kọjá ní 1591 láti fọ́ ìjọba Sọ́ngáì, tí wọ́n sì kó Ahmad Baba, ọ̀gá àwọn ọ̀mọ̀wé Tìmbúkútù, ní ìgbèkùn wá sí Màrákéṣì ní 1594. Ìgbèkùn náà ni ó di olùkọ́ fún àwọn ará ìlú tí ó mú un, títí tí wọ́n fi jẹ́ kí ó padà sílé ní 1608. Àwọn mìíràn ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé orí àwọn ọ̀daràn kọ́ láyé àtijọ́, pé àpéjọ àwọn òkú ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Èmi gba ti ará Tìmbúkútù. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó bá mi jiyàn lẹ́yìn ìrun.

Kí a tó jáde nílé tí a wọ̀ sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ìjà díẹ̀ ṣẹlẹ̀. Bàbá kan tí ó jẹ́ àgbà fún gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní: "Ládánì, ìwọ tí ò ń pe ènìyàn wá sí ìrun, ìwọ ni ó fẹ́ lọ jókòó ti aláwàdà?" Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá náà kì í ṣe ẹni tí a ń dá lóhùn fàlàlà, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ, nítorí àwọn àáfà ńlá ti jà lórí rẹ̀ kí a tó bí baba ńlá wa. Ibn al-Jawzi ti Bàgídáádì, tí ó kú ní 1201, kọ odidi ìwé kan láti bá àwọn alásọ̀tàn àti oníwáàsí òpópónà wí, nítorí wọ́n a máa fi irọ́ há ìtàn àwọn Ànábì láti gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n Ibn al-Jawzi yìí kan náà ni ó tún kó ìtàn àwọn òmùgọ̀ àti àwọn ọ̀dẹ̀ jọ sínú ìwé mìíràn, ẹni tí ó bá kà á yóò rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní: "Bàbá, ẹ má bínú. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kò ha bá ìyá arúgbó ṣe àwàdà bí, tí ó ní arúgbó kan kò níí wọ àlùjánnà, tí ìyá náà fi bú sẹ́kún, kí ó tó wá ṣàlàyé fún un pé ọ̀dọ́ ni Ọlọ́hun yóò sọ wọ́n dà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́?" Bàbá ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ànábì kò purọ́ nínú àwàdà rẹ̀, ó sì gégùn-ún fún ẹni tí ń purọ́ kí àwọn ènìyàn lè rẹ́rìn-ín. Ìyẹn náà, òótọ́ ni. Èrò tèmi ni pé àlọ́ kì í ṣe irọ́, nítorí ẹni tí ń pa á àti ẹni tí ń gbọ́ ọ jọ mọ̀ pé àlọ́ ni. Ẹni tí ó bá fi Ọlọ́hun búra pé òun rí ìjàpá tí ó ń fọn fèrè, ẹni yẹn ni ó purọ́.

Ohun tí ó parí ìjà náà kì í ṣe àlàyé mi, ìtàn àáfà kan ni. Al-Hasan al-Yusi, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tí ilẹ̀ Mòrókò ń bu ọlá fún jù títí di òní, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Al-Muhadarat pé nígbà tí òun wá ìmọ̀ wá sí Màrákéṣì ní 1060 Hijira, èyí tí í ṣe 1650, òun jáde lọ sí gbangba ìlú, òun sì bá bàbá arúgbó kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yí ká, tí ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Arúgbó náà ní ará Fẹ́ẹ̀sì kan, ará Màrákéṣì kan, Lárúbáwá kan, Bẹ́ríbérì kan àti ará àfonífojì Dráà kan pàdé, wọ́n ní kí olúkúlùkù sọ oúnjẹ tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ jù. Ará Fẹ́ẹ̀sì ní ọbẹ̀ ẹyẹlé. Ti Màrákéṣì ní ẹran àgùntàn. Lárúbáwá dárúkọ wàrà àti bọ́tà. Bẹ́ríbérì ní ẹ̀kọ jéró. Ará Dráà sì ní dàbínù ilé òun ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn ni al-Yusi nígbà yẹn, kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, ó jókòó gbọ́ àwàdà náà, ó sì kà á sí ohun tí ó tó kọ sínú ìwé ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Bàbá wa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní: "Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ wa ni, ará Ìbàdàn ìbá ní àmàlà, Ìjẹ̀bú ìbá ní ìkọ́kọrẹ́, Èkìtì ìbá ní iyán, Ẹ̀gbá ìbá sì ní láfún." Ó wá wọ bàtà rẹ̀, ó ní òun náà ń bọ̀ wá wo ohun tí ń bẹ níbẹ̀, kí a má baà ṣìnà.

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì ni a débẹ̀. Èéfín ẹran yíyan bo ojú ọ̀run, ọ̀pọ̀ iná sì ń tàn nínú èéfín náà. Àwọn tí ń fún ọsàn wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn tí ń ta omi ìgbín gbígbóná wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. A kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tìyẹn. Àwọn olómi tí wọ́n wọ aṣọ pupa, tí wọ́n fi ife idẹ kọ́ àyà, ń mi agogo. Àwọn Gínáwà, àwọn ènìyàn dúdú tí a kó baba ńlá wọn lẹ́rú láti ìwọ̀-oòrùn Áfríkà gba aṣálẹ̀ lọ, ń lu irin pọ̀ mọ́ra, ìlù wọn sì bọ́ sí mi lára bí ẹni pé mo ti gbọ́ ọ rí nílé. Àwọn pidánpidán olóejò ń bẹ pẹ̀lú. Bí ẹ bá fi kámẹ́rà kọjú sí wọn, ẹ ó sanwó. Bí ẹ bá jáfara, ejò ti wà lọ́rùn yín kí ẹ tó gba iye tí wọ́n ń bèèrè. Ẹ mú owó dírámù wẹ́wẹ́ dání, ẹ sì di àpò yín mú.

Ọmọ wa kan, ọmọ Ìsẹ́yìn tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Rábátì, ni ó ń túmọ̀ fún wa, nítorí èdè Lárúbáwá tí wọ́n ń sọ lójú pópó níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí a kọ́ nínú ìwé. Ó ní hálíkà ni orúkọ agbo náà. Kò sí pèpéle, kò sí aṣọ ìkélé. Ọkùnrin kan dúró lórí ilẹ̀ lásán, ó ké, ènìyàn méjì dúró, ogún dúró, agbo ti pé. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, tàbí tí àwọn ènìyàn bá ń yọ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a jẹ́ pé iṣẹ́ ti tán nìyẹn, ẹlòmíràn yóò sì gba ilẹ̀ náà. Àwọn olùgbọ́ ni adájọ́, ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n sì fi ń dájọ́.

Aláwàdà tí a dúró tì wọ kóòtù gbígbó kan, ó bọ́ bàtà rẹ̀ kan, ó sì fi ṣe tẹlifóònù. Ó ní òun ń bá ọ̀gá iléeṣẹ́ omi sọ̀rọ̀. Ó kí i, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó kí àwọn ọmọ, ó kí ajá, títí ó fi gbàgbé ohun tí ó tìtorí rẹ̀ pè é. Nígbà tí ó sì rántí, ó ní kí ọ̀gá má ṣe ìyọnu nípa omi mọ́, kí ó ṣáà wá gba ẹ̀rọ omi náà padà, nítorí aláǹtakùn tí ń gbé inú rẹ̀ ti bí ọmọ, àyè kò sì gbà wọ́n. Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Kí ọmọ wa tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi tán, wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán, ni èmi nìkan bá bú sẹ́rìn-ín nínú ìdákẹ́jẹ́. Aláwàdà náà yí padà, ó na bàtà sí mi, ó ní: "Ẹ wo ẹ̀gbọ́n wa yìí! Ràkúnmí ni ẹ̀rín rẹ̀ gùn wá!" Bàbá wa tí kò fẹ́ wá ni ó rẹ́rìn-ín jù.

Bí wọ́n ti ń gba owó ni ó yà mí lẹ́nu. Wọn kì í kọ́kọ́ gbé àwo wá. Aláwàdà yóò ní kí gbogbo ènìyàn tẹ́ ọwọ́ àdúà; yóò tọrọ àlàáfíà fún àwọn òbí, fún àwọn aláìsàn, fún àwọn arìnrìn-àjò, àwọn ènìyàn yóò sì máa ṣe àmín kíkankíkan. Ìgbà tí ọwọ́ ti ṣí sílẹ̀ tán ni ó ń kọjá níwájú wọn. Èmi bèèrè lọ́wọ́ yín, ta ni yóò ṣe àmín sí àdúà arìnrìn-àjò tán tí yóò di ọwọ́ náà? Àwọn oníwáàsí wa nínú oṣù Ràmàdáánì mọ iṣẹ́ yìí díẹ̀. Ẹ rántí bí àáfà ti ń sọ̀rọ̀ ní ìkóríta, tí ajánàsí ń gbè é, tí ìyá kan ń sunkún nítorí ìyà sàréè, tí ẹ̀rín tún ń pa á kí omijé tó gbẹ. Agbo ni ìyẹn náà.

Àwọn ìlú-mọ̀ọ́ká ti wà ní Jámíù-l-Fánà. Ọ̀kan ń jẹ́ Saroukh, èyí ni Rọ́kẹ́ẹ̀tì. Òmíràn ń jẹ́ Tabib al-Hasharat, Dókítà Kòkòrò. Bí a bá dárúkọ wọn fún àwọn àgbà ibẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín bí àwa ti ń ṣe bí a bá dárúkọ Bàbá Sàlá tí ó kú ní 2018. Juan Goytisolo, ònkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, kọ nípa wọn pẹ̀lú. Kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ó fi Màrákéṣì ṣe ilé, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 2017. Òun ni ó ké gbàjarè nígbà tí àwọn kan fẹ́ kọ́ ilé gíga onídígí àti ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gbangba náà. Ó pe àjọ UNESCO, wọ́n ṣe ìpàdé ní Màrákéṣì ní 1997, láti inú ìpàdé náà ni wọ́n sì ti rò ó pé kì í ṣe òkúta àti ògiri nìkan ni ó yẹ kí ayé máa ṣọ́, pé ọ̀rọ̀ ẹnu náà tó ṣọ́. Ní 2001 wọ́n ka ohun 19 káàkiri ayé gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Jámíù-l-Fánà wà nínú wọn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa, tí ilẹ̀ Benin, Nàìjíríà àti Tógò jọ ní, wà nínú wọn pẹ̀lú. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí lèmọ́mù wa wí nígbà tí mo sọ èyí fún un.

Ṣùgbọ́n kíkà tí a ka ibẹ̀ sí ohun ìní ayé kò fún alásọ̀tàn ní oúnjẹ. A rí aláwàdà, a rí onílù, a rí àwọn tí ń fi ọ̀pá àti òrùka dẹ ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò bí ẹni ń dẹ ẹja. A kò rí ẹyọ alásọ̀tàn kan. Ọmọ wa ní ariwo gbohùngbohùn àwọn onílù kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ènìyàn mọ́, àwọn olùtajà oúnjẹ gba ilẹ̀, àwọn àlejò òyìnbó kò gbọ́ èdè, àwọn ọmọ ìlú sì ní tẹlifíṣọ̀n nílé. Láyé ìgbà kan, ìtàn Antara tàbí ti Sayf ọmọ Dhi Yazan a máa gùn tó oṣù mélòó kan, díẹ̀ díẹ̀ ní alaalẹ́, olùgbọ́ kan náà yóò sì padà wá gbọ́ ìyókù. Ibẹ̀ ti rí ìyọnu mìíràn pẹ̀lú: bọ́ǹbù olùbi kan pa ènìyàn 17 ní ilé kọfí etí ibẹ̀ ní oṣù kẹrin 2011, àrùn kòrónà lé gbogbo ènìyàn kúrò ní 2020, ilẹ̀ sì mì ní oṣù kẹsàn-án 2023, ilé-ìṣọ́ mọ́sáláṣí kékeré kan ní gbangba náà wó, Kùtùbíyà sì dúró. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ àwọn aláwàdà padà. Àwọn alásọ̀tàn ni kò padà tó bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ọmọ wa mú wa lọ sí ilé kọfí kan ní àdúgbò Kásíbà. Níbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alásọ̀tàn àgbà ń gbàlejò ara wọn: ẹni kan sọ̀kalẹ̀, ẹlòmíràn gòkè, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, wọ́n ń sọ ìtàn ní èdè Lárúbáwá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin kan tí ó bo orí rẹ̀ dáradára ni ó sọ ti Júhà tí ó ta ilé rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, àfi ìṣó kan ṣoṣo lára ògiri tí ó ní òun kò tà. Olùrà ní kí ni ìṣó kan jámọ́? Ó sanwó. Ní ọjọ́ kìíní Júhà kànkùn, ó wá kí ìṣó rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó wá fi aṣọ kọ́ ọ. Ní ìgbà oúnjẹ ó wá jókòó tì í. Nígbà tí ó gbé òkú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá láti fi kọ́ ìṣó náà, olùrà kó ẹrù rẹ̀, ó sá lọ, Júhà sì padà sínú ilé. Ojú wa bá ti Ìjàpá nínú ìtàn yìí. Inú mi dùn sí àwọn ọmọ wọ̀nyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kọfí ibẹ̀ tó owó oúnjẹ ilé kan, àwọn tí ń tẹ́wọ́ ṣe àmín ní gbangba kò sì lè wọ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì ní Kùtùbíyà, ọmọ wa fi bàbá arúgbó kan hàn wá tí ó jókòó sórí àpótí nínú ọgbà ẹ̀yìn mọ́sáláṣí náà. Alásọ̀tàn ni nígbà kan. Ó ní ogójì ọdún ni òun fi pa agbo ní gbangba yẹn, pé àwọn ọmọ òun ń ṣe awakọ̀ àti olùtajà, kò sí èyí tí ó bèèrè ìtàn kan lọ́wọ́ òun. Mo bi í pé àwọn ọ̀dọ́ ilé kọfí ńkọ́? Ó ní ọmọ dáradára ni wọ́n, ìtàn kúkúrú ni wọ́n ń fẹ́, nítorí àlejò yóò lọ ní ọ̀la. "Àwọn tí ó gùn," ó fi ọwọ́ kan àyà, "wọ́n wà níbí."

Bàbá wa, àgbà ẹgbẹ́ wa, ni ó bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ ọ̀kan fún wa. Ó fi ìyìn fún Ọlọ́hun ṣáájú, ó tọrọ ìkẹ́ fún Ànábì, ohùn rẹ̀ sì yí padà bí ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó ní ọba kan wà tí ó fi òfin de kànga kan lẹ́yìn ìlú, pé kí ẹnikẹ́ni má fa omi níbẹ̀ lẹ́yìn tí ládánì bá ti pe ìrun Àsùbá. Mo sún mọ́ ọn. Ó ní ọmọ ọba náà so okùn mọ́ ìdí, ó sọ̀kalẹ̀ ní ìdájí. Okùn tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan omi. Ó wo òkè, ẹnu kànga ti kéré bí owó dírámù. Ní abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun, ní ohùn baba rẹ̀ tí ó ń sùn lọ́wọ́ ní ààfin.

Arúgbó náà dákẹ́. Ó tẹ́ ọwọ́ àdúà. Gbogbo wa tẹ́ ẹ, a ṣe àmín, a fún un ní ohun tí a ní. Ó ní ìyókù di ọ̀la.

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni ọkọ̀ ojú irin wa gbéra lọ sí Kasabúláńkà. Bàbá wa kò sọ̀rọ̀ títí a fi jìnnà, lẹ́yìn náà ó ní: "Ládánì, ìwọ rò pé ta ni ó ń pe ìrun náà?" Mo ní n kò mọ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ń lọ sí Fẹ́ẹ̀sì lọ́dún yìí, tí ó bá sì lè ya Màrákéṣì, kí ó wo ọgbà ẹ̀yìn Kùtùbíyà lẹ́yìn Ìṣáì, lọ́wọ́ ọ̀tún, lábẹ́ igi ọsàn. Àpótí onígi ni ó máa ń jókòó lé. Kí ó sọ fún un pé àwọn ará Nàìjíríà tí okùn tán mọ́ lọ́wọ́ ni ó rán òun wá.